Ọ̀bọ, Òkété àti Iná Ìkàwé

Ààlọ́ o!
*Ààlọ̀!*
Ẹ sún mọ́ra, ẹ má tẹ ara yín mọ́lẹ̀ o. Ààlọ́ o-o-o!
*Ààlọ̀ọ̀!*

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ọ̀bọ lórí igi; ó já bọ́ pọ̀ọ́, ó bá Òkété nínú ihò.

Ní ìlú àwọn ẹranko, inú agbọ̀n kan láàfin ni oògùn àwọn ọmọ máa ń wà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ka ohun tó wà lára ìgò. Lọ́jọ́ kan, wọ́n fún ọmọ Òkété ní oògùn àfúnjù. Háà! Díẹ̀ ló kù kí ọmọ bọ́! Láti ìgbà náà, ọkàn Òkété kò balẹ̀ mọ́.

Ni Erin ọba wọn bá ránṣẹ́ pe Odídẹrẹ́ láti ìlú òkèèrè, pé kó wá kọ́ àwọn àgbà ní ìwé. Erin ní, "Ẹni tó bá ka ohun tó wà lára ìgò já geerege níwájú mi ni yóò gba agbọ̀n oògùn." Ó fún olúkúlùkù ní bátìrì tí oòrùn ń ṣáàjì, ó ní kí wọ́n lọ yan gílóòbù tí wọn yóò fi kàwé.

Òkété mú kékeré funfun, èyí tí kì í gbóná, tí kì í jẹ bátìrì. Ọ̀bọ mú gílóòbù ńlá àtijọ́, ràgàjì bí àgbọn. Ó rẹ́rìn-ín kèékèé.

"Ìyá ọmọ, kí lo gbé yìí? Tannátanná ni àbí iná?"

"Ẹ̀gbọ́n, ìwé ni mo fẹ́ fi kà, n kò fẹ́ fi yan iṣu."

"Kí wọ́n rí tèmi dé ìlú kejì ni! Bí mo bá gba agbọ̀n oògùn, ṣé o mọ iye ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn ìyá ọmọ yóò máa gbé wá kí mi?"

Ọ̀bọ gbé iná kọ́ ṣóńṣó igi. Ìwé rẹ̀ wà nílẹ̀, òjìji ewé bò ó. Ọ̀sán gangan, iná ń tàn! Òun náà ń sùn, iná ń tàn! Òkété ní tirẹ̀ fa iná mọ́ ìwé pẹ́kípẹ́kí. Bó bá ti kà tán, pà! ó ti pa á.

Ìrọ̀lẹ́ tí ìdánwò níwájú Erin ku ọ̀la, iná Ọ̀bọ pọ́n bí ojú ọ̀mùtí, ó ṣe fìì, ó kú. Oòrùn sì ti wọ̀, kò sí ohun tí yóò ṣáàjì bátìrì rẹ̀. Òkété ń wẹ ọmọ lódò ní tirẹ̀. Ọ̀bọ na ọwọ́ gbọọrọ wọ inú ihò, ó gbé bátìrì Òkété, ó fi tirẹ̀ rọ́pò.

Òkété dé. Kí ló rí? Bátìrì tí oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún ara rẹ̀!

"Mo gbé o! Ọ̀la mà ni o!"

Ó so iná kékeré rẹ̀ mọ́ ọn, ó dá orin. Ẹ bá mi gbè é o!

Iná kékeré, má kú mọ́ mi lójú,
*Tàn yòò, iná, tàn yòò!*
Ọ̀bọ gbé tèmi, ó fi àjẹkù sílẹ̀,
*Tàn yòò, iná, tàn yòò!*
Nítorí ọmọ ni mo ṣe ń kàwé,
*Tàn yòò, iná, tàn yòò!*

Yòò! Ó tàn! Ìwọ̀nba tí kò tó gílóòbù ńlá í jẹ, àjẹyó ni fún kékeré! Òkété kàwé, ó kà á já.

Ọ̀bọ ńkọ́? Ó tan iná ńlá, ó tún ń pe èrò: "Ẹ wá wò ó o!" Wọ́n wò ó, wọ́n yìn ín. Ìgbà tí èrò túká tó ní kí òun ṣí ìwé, fìì! Òkùnkùn biribiri.

Ilẹ̀ mọ́. Erin na ìgò sókè. Ọ̀bọ fò síwájú: "Kábíyèsí, wọ́n ní kí ọmọ mu ún tán lẹ́ẹ̀kan náà!"

"Yéè!" Àwọn ìyá pariwo, wọ́n gbá ọmọ wọn mọ́ra.

Òkété gba ìgò. Ó kà á: "Ṣíbí kékeré kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Ẹ mi ìgò dáadáa kí ẹ tó fún ọmọ."

Odídẹrẹ́ ké, "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni!"

Erin gbé agbọ̀n lé Òkété lórí, àwọn ìyá ọmọ hó yèè! Ọ̀bọ sá gun igi, kò lè wo ẹnikẹ́ni lójú.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé rèé. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ẹ má gbe orin mi mọ́. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé, iná tí yóò ṣe wá láǹfààní ni ká yàn, kì í ṣe èyí tí ará ìta yóò wò. Ẹ fà á mọ́ ìwé, kí ẹ sì pa á bí ẹ bá kà tán. Ẹni tó bá fi ohun tó ní ṣe ṣekárími kò ní rí i lò lọ́jọ́ tó bá nílò rẹ̀.