Àga Awọ Tí Ó Hunjọ Nínú Ọ̀rá

Ọkùnrin kan wà ní ìlú Ọ̀yọ́ tí Ọlọ́run bù kún iṣẹ́ rẹ̀, títí ó fi ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bọ̀gìnnì kan, tuntun, tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò rí. Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Kì í ṣe agbéraga, kì í sì í ṣe ahun. Arábìnrin mi, fi èyí sọ́kàn, nítorí bí mo bá ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ó lè máa ṣe ọ́ bíi kí o pè é ní ahun.

Awọ ni wọ́n fi ṣe àga inú ọkọ̀ náà. Àwọ̀ wọn dà bíi tíì tí a da mílíìkì sí, wọ́n sì rọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà fi ọ̀rá wé àga kọ̀ọ̀kan kí ó má baà dọ̀tí lójú ọ̀nà. Ìwọ náà sì mọ̀ wá. Bí a bá ra nǹkan tuntun, ọ̀rá ara rẹ̀ ni a fi ń mọ̀ pé tuntun ni. Àga pálọ̀ lè lo ọdún mẹ́ta nínú ọ̀rá, kí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n gbó sínú tirẹ̀. Ọkùnrin yìí kò tú ọ̀rá àga ọkọ̀ rẹ̀.

Ó ní ìdí tirẹ̀. Oṣù kẹta ni ó ra ọkọ̀. Ìyá rẹ̀ yóò pé ọgọ́rin ọdún ní oṣù kọkànlá, wọ́n sì ti fi ọjọ́ ìdúpẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìyá òun ni yóò kọ́kọ́ jókòó lórí awọ náà. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni òun yóò fa ọ̀rá ya, kí ìyá òun lè wọ inú ọkọ̀ tí ẹnì kan kò tíì fara kàn. Ìfẹ́ ni. N kò ní bá a jiyàn pé kì í ṣe ìfẹ́.

Ó wá ń wa ọkọ̀ náà nínú ọ̀rá. Bí ó bá jókòó, ọ̀rá á máa dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bí oòrùn bá mú, òógùn á máa ṣàn ní ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni tí ó ń roko. Inú oòrùn ni ó ń gbé ọkọ̀ sí níwájú ilé, nítorí ẹyẹ ń ṣu sábẹ́ igi máńgòrò. Ní gbogbo Sátidé, á fi omi ọṣẹ nu ọ̀rá náà títí yóò fi máa dán. Kò mọ̀ pé omi ń gba etí ọ̀rá wọlé sára awọ.

Ìyàwó rẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá Ìréwọlé, ṣé inú ọkọ̀ ni a wà ni, àbí inú ọ̀rá búrẹ́dì?"

"Fara dà á. Nítorí Màmá ni."

"Màmá tí kò tíì wọ̀ ọ́ rí."

"Ọjọ́ wọn ń bọ̀."

Nígbà tí ó di oṣù kẹjọ, ìyá ránṣẹ́ pè é. Ìyá yìí ní àbúrò kan, obìnrin, tí ó ń gbé ní Ìwó. Ọmọ méje ni ìyá wọn bí, àwọn méjèèjì ni ó kù. Ẹsẹ̀ ti dun àbúrò mọ́lé, kò lè rìn jìnnà. Bí ẹ̀gbọ́n kò bá lọ, wọn kò lè fojú rinjú.

Ìyá ní, "Àjàgbé, ṣé o lè fi ọkọ̀ rẹ gbé mi dé Ìwó? Ó wù mí kí n rí àbúrò mi."

"Màmá, ẹ ṣe sùúrù. Ó ku oṣù mẹ́ta péré. Ọjọ́ ìdúpẹ́ yín ni mo ń pa á mọ́ dè."

Ìyá wò ó. "Ṣé ọkọ̀ ni ó ń retí mi ni, àbí èmi ni mò ń retí ọkọ̀?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ìyá ń ṣàwàdà.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ìyá dá lọ sí gáréèjì. Àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì ga jù fún orúnkún rẹ̀. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, ó sì padà sílé. Kò sọ fún ọmọ rẹ̀. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ nìkan ni ó sọ ọ́ fún, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má wí.

Nígbà tí ọjọ́ ìdúpẹ́ ku ọ̀sẹ̀ méjì, ọkùnrin náà gbé etí ọ̀rá kan sókè kí ó lè wo bí awọ ti rẹwà tó. Òórùn aṣọ tútù tí a dì sínú agbọ̀n ni ó kọ́kọ́ jáde. Omi ń kán lábẹ́ ọ̀rá. Awọ náà ti hunjọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, àmì funfun bí ìyẹ̀fun sì wà lára rẹ̀. Ó ṣí ìkejì, bákan náà. Àga ẹ̀yìn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí rí, ni ó burú jù.

Ó gbé e lọ bá àwọn tí ó tà á fún un. Ọ̀gá wọn wo àga, ó wo ọ̀rá. Ó ní, "Alàgbà, ta ni ó ní kí ẹ fi ọ̀rá sílẹ̀?" Ọkùnrin náà bi wọ́n bóyá wọ́n lè pààrọ̀ awọ náà. Wọ́n ní awọ mìíràn yóò ti òkè òkun dé, yóò tó oṣù mẹ́ta.

Ẹnì kan wá júwe bàbá àgbàlagbà kan fún un, oníṣọ̀nà awọ, lára àwọn tí ń rán tìmùtìmù, àga ilẹ̀ aláwọ tí a máa ń rí ní ilé àwọn àgbà. Ó bá bàbá náà ní ìsọ̀ rẹ̀, bàbá jókòó lórí tìmùtìmù kan tí ọnà ara rẹ̀ ti ṣá. Bàbá dìde lọ sídìí ọkọ̀, ó fi ọwọ́ ra àga náà, ó sì ń rẹ́rìn-ín ìdákẹ́jẹ́.

Ọkùnrin náà ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́."

"Wá fọwọ́ kan tìmùtìmù tí mo jókòó lé lẹ́ẹ̀kan. Bàbá mi ni ó rán an, ní ọdún tí mo gbéyàwó. Ẹni tó bá wọ ìsọ̀ yìí, orí rẹ̀ ni ó ń jókòó."

Ọkùnrin náà fọwọ́ kàn án. Ó rọ̀, ó sì ń dán.

Bàbá ní, "Ọmọ mi, ẹran tí ó ni awọ ti kú, ṣùgbọ́n awọ kò gbàgbé pé ara ni òun. Ohun tí ara ń fẹ́ ni òun náà ń fẹ́. Ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́, ó ń fẹ́ òróró, ó sì ń fẹ́ ẹlòmíràn. O dì í sínú ọ̀rá, o gbé e sínú oòrùn, o wá ní ò ń kẹ́ ẹ."

Ó ṣí gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà lábẹ́ igi, ó fa ọ̀rá kúrò, ó fi aṣọ ọ̀rinrin nu awọ. Nígbà tí ó gbẹ, ó fi òróró awọ pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí a ti ń fi òrí pa ara ọmọ tuntun.

"Ṣé yóò padà bọ̀ sípò kí ọjọ́ ìdúpẹ́ tó pé?"

"Díẹ̀ yóò lọ, díẹ̀ kò ní lọ. Oògùn rẹ̀ tí ó kù, ìdí ènìyàn ni." Arábìnrin mi, forí jì mí, bí bàbá ṣe sọ ọ́ nìyẹn. "Wá àwọn tí yóò máa jókòó lé e. Ìjókòó náà yóò hun ún, n kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá wò ó yóò mọ ohun tí ó hun ún."

Ọkùnrin náà délé, ó ro gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà kò lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ mọ́. Ó sọ ti gáréèjì fún un, àti ti orúnkún, àti bí ìyá ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin náà kò jókòó jẹun. Ó kọjá sí ilé ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ múra. À ń lọ sí Ìwó."

"Ọjọ́ ìdúpẹ́ kò tíì pé."

"Ó ti pé, Màmá."

Ìyá múra kíákíá, ó jáde pẹ̀lú adìyẹ kan lọ́wọ́, èyí tí ó ti ń sìn de àbúrò rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Adìyẹ yìí ńkọ́?" Ọkùnrin náà wo adìyẹ, ó wo àga. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí òun náà wọlé."

Nígbà tí wọ́n dé Ìwó, wọ́n fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbé àbúrò jáde kí ó lè wo ọkọ̀. Ó ní òun fẹ́ jókòó díẹ̀. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ẹ̀yìn ọkọ̀, àwọn méjèèjì kò sì sọ̀kalẹ̀ mọ́. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, wọ́n jẹun níbẹ̀, wọ́n dárúkọ àwọn ọmọ ìyá wọn tí ó ti lọ, wọ́n sunkún díẹ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ọkùnrin náà jókòó sórí àpótí níta, ó ń gbọ́ wọn.

Àbúrò fọwọ́ ra awọ. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rí i pé àga yìí ti hunjọ bí ojú wa?"

Ìyá ní, "Tiwa, ẹ̀rín ni ó hun ún. Tirẹ̀, a pa á mọ́ ni."

"Ẹ jẹ́ kí a rẹ́rìn-ín lé e lórí, kí ó lè jọ tiwa."

Nígbà tí ọjọ́ ìdúpẹ́ dé, eruku Ìwó wà lára ọkọ̀ náà, ìyẹ́ adìyẹ kan sì wà lábẹ́ àga. Kò sí ẹni tí yóò wò ó tí yóò pè é ní tuntun. Ìyá jókòó sí àyè rẹ̀ bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa, àbúrò rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Arábìnrin mi, o sọ fún mi lẹ́yìn ìpàdé àwọn ìyá pé ilé yín ku kíkùn, àti pé o fẹ́ kí ó parí, kí kọ́tìnì wọlé, kí o tó pe ìyá ọkọ rẹ wá sùn níbẹ̀. O ní o fẹ́ ṣe é fún un bí ó ti tọ́. Mo gbà ọ́ gbọ́. Ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n inú ọ̀rá ni ó wà, oòrùn sì ń pa á. Tú u. Pe ìyá náà wá ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó jókòó nínú ilé tí a kò tíì kùn, kí ó sọ àwọ̀ tí ó wù ú. Bí ó bá sì da ọbẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ tuntun, jókòó tì í, kí ẹ jọ rẹ́rìn-ín.