Iná Ara Ògiri Olóyè

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àdùfẹ́ onídìrí di àkàbà mú fún ọkọ rẹ̀, bó ti ń kan iná sólà mọ́ iwájú ilé wọn. Lẹ́yìn tí ọkọ náà kú, àwọn oníbàárà ṣì ń pé sábẹ́ iná yẹn. Ìlara mú Olóyè Akínbọ̀dé, aládùúgbò wọn ní ọ̀ọ́kán, tí iwájú ilé tirẹ̀ ṣófo. Ó kígbe mọ́ Àdùfẹ́: "Bí iná rẹ bá tún hàn lára ògiri mi, màá ní kí wọ́n yọ ọ́!" Àdùfẹ́ kúnlẹ̀. "Olóyè, iná ńlá ní í bo kékeré mọ́lẹ̀. Ẹ kan tiyín mọ́ ògiri, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí mi. Ta ni yóò tún rí tèmi? Àfi bí apá yín ò bá ká a." "Apá ta ni ò ká a?" Olóyè kan iná ńláńlá mẹ́rin, ojúde Àdùfẹ́ sì mọ́ bí ọ̀sán. Olóyè kò lè pa iná náà, kí wọ́n má baà ní apá rẹ̀ ò ká a. Iná ọkọ Àdùfẹ́ wà nínú páálí báyìí. Iná Olóyè ló fi ń dirí.