Aṣọ Àrán Orí Kọ̀ǹpútà Oyèkúnlé

Ní ìlú Ìkìrun, Oyèkúnlé ni onífídíò tí àwọn ìjọ máa ń pè bí wọ́n bá ní ayẹyẹ. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti darúgbó. Bó bá fẹ́ fún fídíò ràbàtà pọ̀ kó lè ṣeé fi fóònù ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà náà a máa wọ́ bí ìgbín, oníbàárà á sì fọwọ́ lẹ́rán títí oorun yóò fi gbé e lọ.

Ìyá rẹ̀, Màmá Àṣàkẹ́, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, kò rí àbùkù kankan lára kọ̀ǹpútà yìí. Ohun tó bá níyì lójú ìyá náà, aṣọ ni í dà bò ó: tẹlifíṣọ̀n ní tirẹ̀, rédíò ní tirẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ pàápàá ní tirẹ̀. Ó rán aṣọ àrán pupa fún àpótí kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀, ó fi òwú aláwọ̀ wúrà ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ létí, kí eruku ọyẹ́ má baà wọ inú rẹ̀.

Owó kọ̀ǹpútà tuntun ga ju ọwọ́ Oyèkúnlé lọ, ló bá dá ọgbọ́n sí i. Ó lọ ra ọpọlọ kọ̀ǹpútà mìíràn ní Ìbàdàn, ìyẹn ẹ̀yà inú tó ń darí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, èyí tó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa, tó sì bá ojú ibi tí ti àtijọ́ jókòó sí mu. Ó tú àpótí, ó yọ ti àtijọ́, ó fi tuntun rọ́pò, ó sì dá fáànù kékeré tó ń fẹ́ ẹ padà sórí rẹ̀. Bó ṣe ṣe tán, ìyá rẹ̀ gbọn aṣọ àrán náà, ó dà á bò ó.

"Káàbọ̀ sílé wa o," ló wí fún ọpọlọ tuntun náà. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó dé kì í ṣe kékeré. Alàgbà Ládàpọ̀, olórí akọrin ìjọ wọn, wà ní ọsibítù ní Ìlọrin, wọn yóò sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́fun nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Orin tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ sílẹ̀ ni àwọn akọrin ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, òun gan-an ni kò gbọ́ ọ. Èyí tí àwọn èèyàn fi fóònù gbà, àtẹ́wọ́ àti igbe ọmọdé ló bò ó mọ́lẹ̀. Ti Oyèkúnlé nìkan ló já geere, ṣùgbọ́n ó tóbi ju ohun tí fóònù lè rán lọ. Lọ́sàn-án, ìyàwó Alàgbà wọ ṣọ́ọ̀bù wá.

"Oyèkúnlé ọmọ mi, ẹ̀rù ń bà mí," ló wí. "Dókítà ní òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohùn bàbá rẹ yóò padà bó ṣe wà. Jẹ́ kó gbọ́ orin rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọlé."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Kọ̀ǹpútà yìí ti di ọ̀dọ́ padà."

Lóòótọ́, kí Màmá Ládàpọ̀ tó mu omi tí wọ́n gbé fún un tán, iṣẹ́ ti dé ìdajì. Lójijì, kọ̀ǹpútà kú. Oyèkúnlé wo gílóòbù lókè, iná wà. Ó tún un tàn, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún kú. Ọmọ Alàgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn pè láti Ìlọrin pé àwọn nọ́ọ̀sì ti ń múra sílẹ̀. Omijé bọ́ lójú Màmá Ládàpọ̀.

"Ọjà òkú ni wọ́n tà fún mi!" ni Oyèkúnlé wí. Bó bá dá ọpọlọ àtijọ́ padà, ilẹ̀ á ṣú kí iṣẹ́ tó parí. Àárẹ̀ mú un, ó fọwọ́ ti àpótí náà, ó sì yára fa ọwọ́ yọ. Aṣọ àrán náà gbóná bíi pé áyọ́ọ̀nù ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Ó ká a kúrò wàrà.

Màmá Àṣàkẹ́ figbe ta. "Kí ló dé tí o fi ń tú u síhòòhò lójú àlejò?"

"Màámi, kò ríbi mí ni. Ti àtijọ́ kì í ṣiṣẹ́ kára, ara rẹ̀ kì í gbóná. Èyí ń ṣiṣẹ́ gan-an, ooru rẹ̀ ní láti ríbi jáde."

Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá. Ó wo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ó ká a, ó fi há abíyá. Ó yọ abẹ̀bẹ̀ lára ògiri, ó jókòó ti àpótí náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ ọmọ tí ibà ń ṣe. Màmá Ládàpọ̀ rẹ́rìn-ín tòun ti omijé. Oyèkúnlé tan kọ̀ǹpútà padà; iṣẹ́ kọjá ìdajì, ó parí, fídíò sì lọ sí Ìlọrin.

Wọ́n dúró, wọ́n ń wo fóònù. Ìgbà tó dún, Alàgbà fúnra rẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ ti há.

"Mo ti gbọ́ ọ," ló wí. "Ẹ sọ fún àwọn olóhùn ìsàlẹ̀ pé wọ́n sáré jù. Bí mo bá dé, a óò tún un kọ."

Láti ọjọ́ náà, ìhòòhò ni kọ̀ǹpútà Oyèkúnlé ń wà. Bí àlejò bá béèrè ìdí rẹ̀, Màmá Àṣàkẹ́ a na abẹ̀bẹ̀ sí i, èsì tó sì ń fún wọn ni àwọn àgbà àdúgbò gbà lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n fi ń pòwe títí dòní pé: aṣọ tó bo ọ̀lẹ tí kò làágùn, bó bá bo akíkanjú, ooru ni yóò pa á.