Ìkòkò Tí Erin Dá Gbé

Nígbà láéláé, kí ọ̀nà kankan tó là tí ẹsẹ̀ mi yìí máa tọ̀, oṣù mẹ́ta péré ni gbogbo ẹranko fi ń lóyún, àtèyí tó tóbi àtèyí tó kéré. Èèyàn náà ò yọ sílẹ̀. Ẹ má jiyàn o. Ibi tí mo ti gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ yín ò lè débẹ̀.

Eku ò gbádùn ẹ̀ rárá. Kó tó bí, ikùn rẹ̀ á ti tóbi débi pé kò ní lè wọ ihò rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n Erin ló jẹ̀yà jù. Ọmọ méjì ló ti bí. Àwọn méjèèjì rọ̀ bí ẹ̀kọ tí ò tíì dì. Wọn ò lè dìde, wọn ò lè mu ọmú. Ilẹ̀ ló gbà wọ́n.

Erin bá gba etídò lọ, lọ́dọ̀ Ìyá Alámọ̀, arúgbó tó ń fi amọ̀ mọ gbogbo ọmọ kí wọ́n tó wọ inú ìyá wọn. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́." Erin kúnlẹ̀, ilẹ̀ mì. "Ọmọ tó máa lè dìde ni mo fẹ́."

Ìyá Alámọ̀ nawọ́ sí àwọn ìkòkò tó tò sílẹ̀. "Ihò tín-ín-rín wà nídìí gbogbo wọn. Ẹ mú èyí tó wù yín, ẹ pọnmi kún un. Bẹ́ ẹ bá ti gbé e karí, oyún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tómi bá kán tán, ọmọ dé nìyẹn; bó bá ṣe pẹ́ tó lọmọ á ṣe lágbára tó. Kò gbọdọ̀ kanlẹ̀ kó tó tán o! Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ bá ẹnìkejì gbé e rù. Ẹni tó máa lóyún ni yóò dá a gbé."

Ẹnu yà wọ́n. Ta ló ti pọnmi lódò rí tí wọn ò bá a gbé e rù?

Eku sáré mú èyí tó kéré bí èkùrọ́. "Èmi ò ráàyè," ó ní. "Ológbò ń dúró dè mí nílé." Ajá mú tirẹ̀, Ewúrẹ́ mú èyí tó tóbi ju ti Ajá lọ. Obìnrin, ìyá àwa èèyàn, di èyí tó tóbi jù mú. Ó gbé e, gbé e, kò kúrò nílẹ̀. Ó fi í sílẹ̀, ó mú èyí tí orí rẹ̀ gbà.

Ìkòkò ńlá yẹn ló wá kù.

"Ẹ̀gbọ́n Erin," Ewúrẹ́ ń rẹ́rìn-ín, "ṣé oyún lẹ fẹ́ ni, àbí kànga?"

Erin rántí àwọn méjì tó wà nínú ilẹ̀. Ó pọnmi kún ìkòkò náà, ó fi ọwọ́jà wé e, ó sì gbé e karí.

Omi ń kán. Tó... tó... Ti Eku tán kóṣù kan tó pé. Ti Ajá tán lóṣù kejì. Ewúrẹ́ bí lóṣù karùn-ún, Obìnrin bí lóṣù kẹsàn-án. Ti Erin ṣì ń kán. Òjò rọ̀, ó dá, ó tún rọ̀. Eku ti di ìyá ìyá ìyá àgbà.

"Ẹ̀gbọ́n, ó tó gẹ́ẹ́," wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. "Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀."

"Omi ṣì wà nínú ẹ̀."

Lóṣù kejìlélógún, ó kán, kò kán mọ́.

Ọmọ já bọ́, gbì! Ọmọ náà na ẹsẹ̀ kan, ó ṣubú. Erin ò mí. Ọmọ tún nasẹ̀, ó gbọ̀n, ó dìde. Ó dìde o! Ó rìn lọ bá ọmú ìyá rẹ̀. Ewúrẹ́ tó ti ń rẹ́rìn-ín kúnlẹ̀, kò tiẹ̀ mọ ìgbà tó kúnlẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni oyún ò ti dọ́gba mọ́: Eku ò lo tó oṣù kan, Erin ń lo méjìlélógún. Gbogbo ibi tí mo rìn dé, wọ́n ń bá ara wọn gbé omi rù. Oyún nìkan ni mi ò rí ẹni tó bá ẹlòmíì gbé.