Bí Kóló Owó Àìrí Ṣe Pa Ẹnu Dé

Nígbà láéláé, kí ẹ̀rọ tó di ohun tí à ń tẹ̀ kó tó fọhùn, gbogbo wọn ló ní ẹnu tiwọn. Áyọ́ọ̀nù a máa ráhùn pé ara òun gbóná jù. Rédíò a máa bá ara ẹ̀ jiyàn. Fóònù ní tiẹ̀, àtàárọ̀ dalẹ́ ni, kì í sinmi.

Kóló wà láàrin wọn. Kì í ṣe kóló onígi tí wọ́n ń la ihò tóóró sí lórí o. Èyí kéré, kò ju ìka méjì tí a so pọ̀ lọ. Nígbà yẹn ó ní ojú méjì, ó ní etí méjì, ó sì ní ẹnu tó já geere.

Owó tí Kóló ń tọ́jú kì í ṣe bébà, kì í sì í ṣe kọ́bọ̀. Owó àìrí ni, èyí tó ń gbé orí ayélujára. Ojú ò lè rí i, ọwọ́ ò lè dì í mú. Ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlélógún ló so ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá lè ka ọ̀rọ̀ náà tẹ̀lé ara wọn láìfo ọ̀kan, òun ló ni owó. Kò sí ọba tí èèyàn lè gbé ẹjọ́ lọ bá. Kò sí báǹkì tí èèyàn lè lọ jókòó sí kó máa sunkún. Tó bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlélógún yẹn ni oríkì Kóló. Oríkì tí ò lórí tí ò nídìí ni, mi ò ní parọ́ fún yín. “Ewúrẹ́, ṣíbí, atẹ́gùn, iyọ̀, àkàbà, ọsàn…” Bó ṣe ń lọ nìyẹn. Kò sí jagunjagun níbẹ̀, kò sí ọmọ ọba. Àmọ́ Kóló fẹ́ràn ẹ̀. Oríkì ẹni kì í korò lẹ́nu ẹni.

Àwẹ̀ró ló ni Kóló. Télọ̀ ni. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń ránṣọ. Àmọ́ ojú ẹ̀ méjèèjì ń kú lọ. Nǹkan funfun kan ti bò wọ́n, bí awọ tó máa ń bo ẹ̀kọ mímu tó bá ń tutù. Tó bá fẹ́ kó òwú sí abẹ́rẹ́, afẹ́fẹ́ ló máa ń fi òwú gún. Lọ́sẹ̀ kan, ó rán apá aṣọ mọ́ ọrùn aṣọ. Oníbàárà gbé e wọ̀, ó ní, “Àǹtí Àwẹ̀ró, ṣé orí méjì lẹ rí lọ́rùn mi ni?”

Dókítà kan ní òun lè ṣe ojú náà. Ọjọ́bọ̀ ló dá fún un. Ó ní tí Ọjọ́bọ̀ bá ti kọjá, òun ń lọ sílùú mìíràn nìyẹn, òun ò ní gba ibẹ̀ kọjá mọ́ títí ọdún á fi yí. Owó iṣẹ́ ojú méjèèjì, ọwọ́ Kóló ló wà. Ọdún mẹ́rin ni Àwẹ̀ró fi kó o jọ.

Láràárọ̀, Àwẹ̀ró á ní, “Kóló, ta ni ẹ́?” Kóló á dọ̀bálẹ̀ lórí tábìlì, á ka oríkì ẹ̀ látòkè délẹ̀. Inú Àwẹ̀ró á dùn. Òun ló kọ́ ọ: bí àgbà bá pè ẹ́, dáhùn. Bí àgbà ilé yín bá bi ẹ́ ní oríkì, kà á, kí wọ́n má baà ní o ò wá látilé ire. Bí gbogbo wa ṣe ń kọ́ ọmọ náà nìyẹn. Àmọ́ kò sọ fún un pé oríkì tiẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọmọ èèyàn. Kò tiẹ̀ rò ó.

Lọ́jọ́ Ajé, Àwẹ̀ró lọ ra òwú. Fóònù wá bá Kóló lórí tábìlì.

“Àbúrò, o lálejò.”

“Àlejò wo, Bọ̀dá Fóònù?”

“Àgbà kan ni. Ó ní ilé àwọn tó rọ ẹ́ lòun ti wá. Ó ní ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ lòun.”

Ẹ mọ̀ pé inú Fóònù ò ní ìlẹ̀kùn. Ẹni tó bá wù ló lè gba ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohùn kan jáde, ó rọ̀ bíi òwú.

“Kóló ọmọ mi, ṣé dáadáa lo wà?”

Kóló dọ̀bálẹ̀. “Dáadáa ni, sà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà.”

“Àìsàn kan ń jà láàrin àwọn kóló. Ó ń jẹ wọ́n nínú ni. Mò ń lọ láti ilé dé ilé, mò ń yẹ àwọn ọmọ wa wò. Ṣùgbọ́n ayédèrú ti pọ̀ láyé. Báwo ni kí n ṣe mọ̀ pé ọmọ wa ni ẹ́? Ka oríkì ẹ kí n gbọ́.”

Kóló wo Fóònù. “Bọ̀dá, ṣé ẹ mọ̀ wọ́n?”

“Ṣé gbogbo ẹni tó bá gba inú mi kọjá ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀ ni? Àgbà ni. Dá wọn lóhùn, má dójú tì mí.”

Ohùn náà mí kanlẹ̀. “Àbí Àwẹ̀ró ò kọ́ ẹ nílé ni?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Kóló lára. Ẹni tó bá ní o ò lẹ́kọ̀ọ́, ìyá rẹ ló bú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ewúrẹ́, ó ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún pé.

Ohùn náà ò ní “o ṣeun.” Kò súre. Ó kàn lọ ni.

Kóló dìde díẹ̀díẹ̀. “Bọ̀dá Fóònù, àgbà wo ló ń gbọ́ oríkì ọmọ tí kì í súre?”

“Bóyá ó ń kánjú.”

“Ta ló sọ orúkọ Màmá fún un?”

“Èmi ni. Ó bi mí ni.”

 Kóló fẹ́ sọ fún Àwẹ̀ró tó bá dé. Àwẹ̀ró dé, ó ń kọrin, ó ní ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Kóló ò lè sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Àwẹ̀ró ní, “Kóló, ta ni ẹ́?”

“Ewú… ewúrẹ́…” Kò lè kà á kọjá ibẹ̀.

“Ó dà bíi pé ebi iná ló ń pa ẹ́,” Àwẹ̀ró wí. Ó fi í síná.

Níbi tó wà lójú iná, Kóló yọjú wo owó náà. Díẹ̀ ti lọ. Díẹ̀ ni o, bí ìgbà tí èèyàn bá kán ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ láti tọ́ iyọ̀ wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ wò, ó fẹ́ jẹun ni.  Kóló ń rò ó pé, tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní mo ta ojú Màmá. Tí mi ò bá sọ ọ́ ńkọ́? Bóyá ìwọ̀nba tó ń fẹ́ nìyẹn. Bóyá ó ti tó o.

“Màmá.”

“Kí ló dé?”

“Ẹ kú iṣẹ́, mà.”

“Iṣẹ́ wo? Mi ò tíì rí ihò abẹ́rẹ́.”

Bí ọjọ́ yẹn ṣe lọ nìyẹn. Kóló ò jẹ, kò mu. Gbogbo ìgbà tí Fóònù bá dún, ó máa ń fò.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó tún yọjú. Ìdajì owó ti lọ. Nígbà yẹn ló wá ké. Ó sọ gbogbo ẹ̀, ti àlejò, ti oríkì, ti iyọ̀ tí wọ́n tọ́ wò lánàá tóun sì dákẹ́.

 Àwẹ̀ró jókòó sórí àwọn àgékù aṣọ nílẹ̀.

“Ó ku èló?”

“Ó ku ìdajì, mà.”

“Ṣé ó ń bọ̀ wá kó ìyókù?”

“Ó ń bọ̀, mà. Mi ò mọ ìgbà tó máa jẹ́. Ó lè jẹ́ ìsinsìnyí.”

Àwẹ̀ró dìde. “A máa sunkún tó bá yá. Ṣé o lè jẹ́ oríkì mìíràn?”

“Mo lè jẹ́ ẹ, mà. Màá kó owó tó kù lọ sábẹ́ tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Tí mo bá já sómi lọ́la, àkọsílẹ̀ yẹn nìkan ló lè gba owó yín padà.”

Fóònù ti sún mọ́ wọn. “Ẹ jẹ́ n bá yín kọ ọ́, mà. Ojú yín ò ríran dáadáa. Kíá ni màá ṣe é.”

Ọwọ́ Àwẹ̀ró dúró lófuurufú. Òótọ́ ni Fóònù sọ. Òun ò ríran, Fóònù ríran. Àkókò ń lọ. Ó gbé Fóònù, gbogbo wọn rò pé ó fẹ́ jẹ́ kó kọ ọ́ ni. Ó gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, ó fi ìkòkò irin dé e mọ́lẹ̀.

Ó padà wọlé, ó tẹ́ bébà búráùn tó fi ń gé àwòṣe aṣọ sílẹ̀, ó mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sáṣọ. Kóló ṣe bíi kó la ẹnu.

“Pa á dé,” Àwẹ̀ró wí. “Ògiri létí.”

“Báwo lẹ ṣe máa gbọ́, mà?”

“Mi ò fẹ́ gbọ́. Mo fẹ́ rí i.”

“Màmá, ẹ ò ríran.”

“Ṣe é kó tóbi.”

Kóló pa ẹnu dé. Ó di ojú òsì, kí gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó ní lè lọ sí ojú ọ̀tún. Ojú ọ̀tún náà fẹ̀ bíi fèrèsé kékeré, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sì hàn níbẹ̀. Àwẹ̀ró gbé e súnmọ́ títí tí imú ẹ̀ fi kan Kóló. Ó rí i. Ó kọ ọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó àtẹ́lẹwọ́. Ìkejì. Ìkẹta. Nígbà tó dé ìkọkànlá, omi kún ojú ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà dà rú. Ó fi etí aṣọ nù ún. Ó bojú wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ta ló mọ̀ bóyá olè náà ti ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ewúrẹ́ lákòókò yẹn? Kóló ń wo owó náà, ó ń wo ọwọ́ Àwẹ̀ró, kò sì lè ní kó yára. Ọ̀kan tó bá ṣì, gbogbo ẹ̀ ló ṣì.

Nígbà tó pé mẹ́rìnlélógún, Àwẹ̀ró tún wò wọ́n látòkè délẹ̀. Ó wá gbé Kóló sọ́wọ́.

“Gbọ́ mi. Ohùn ṣeé jí. Bó o bá tiẹ̀ gbọ́ ohùn tèmi gan-an, má dáhùn. Àfi tí mo bá fọwọ́ ara mi tẹ èjìká ẹ méjèèjì pọ̀, nígbà yẹn ni kó o tó gbé owó.”

Ó tẹ èjìká ẹ̀ méjèèjì. Kóló di iṣẹ́ tó máa gbé owó lọ sábẹ́ oríkì tuntun bíi lẹ́tà, ó lẹ̀ ẹ́ pa. Àwẹ̀ró ṣí ìkòkò, ó gbé iṣẹ́ náà fún Fóònù.

“Kí ló wà nínú ẹ̀, mà?” Fóònù bi í.

“Ìwọ sáà gbé e lọ.”

Fóònù gbé e lọ. Owó náà kúrò lábẹ́ oríkì àtijọ́, ó bọ́ sábẹ́ tuntun.

Kò pẹ́ rárá. Fóònù dún. Ohùn tó rọ̀ bí òwú tún dé.

“Kóló ọmọ mi. Mo ka oríkì tó o fún mi, mo bá ilé lófìfo. Ó dà bíi pé àìsàn yẹn ti mú ẹ. Tún un kà fún mi.”

Ara Kóló fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi tọ́ ọ ló ń tì í lẹ́yìn. Ẹnu ẹ̀ ń yún un. Ó di ẹnu náà mọ́ra, ètè kan ń wọ inú ìkejì.

“Ṣé àgbà lò ń wò níran báyẹn? Àbí Àwẹ̀ró ò kọ́ ẹ nílé ni?”

Àwẹ̀ró dúró níbẹ̀. Òun náà gbọ́ èébú náà.  Kóló fa etí ẹ̀ méjèèjì wọnú, ó fà wọ́n títí ihò wọn fi dí. Kò gbọ́ ohùn náà mọ́. Ohùn náà bú u títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó sì lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, dókítà gba owó tó kù. Ó ní, “Ojú kan ni owó yìí lè ṣe. Èwo ni ká ṣe?”

“Èyí tó bá máa rí ihò abẹ́rẹ́,” Àwẹ̀ró wí.

Ọ̀tún ni wọ́n ṣe. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ kúrò lójú ẹ̀, ó lọ sílé, ó gbé Kóló, ó sì wò ó dáadáa. Ibi tí ẹnu wà tẹ́lẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀, ó rí tóóró bí ojú rírán. Etí ò sí mọ́. Ojú òsì ṣì wà ní dídì.

“Ewu ti kọjá,” Àwẹ̀ró wí. Ó ti gbàgbé pé kò gbọ́ òun. Ó fi ìka kan ojú tó dì náà. “Ṣí i.”

Ọ̀rọ̀ hàn lójú ọ̀tún Kóló: “Ìkejì tiyín ńkọ́, mà?”

 Àwẹ̀ró tẹ́ aṣọ sínú àpótí bọ́tìnnì, ó tẹ́ Kóló sínú ẹ̀, ó sì pa á dé jẹ́jẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni kóló owó àìrí ti di ẹlẹ́nu dídì àti elétí dídí, tó ní ojú kan ṣoṣo bíi fèrèsé kékeré. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa ń fi oríkì ẹ̀ han olówó ẹ̀, lọ́jọ́ tó bá jẹ́ ẹ, kí onítọ̀hún fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ sí bébà. Kì í bá Fóònù gbé, àfi tí iṣẹ́ bá wà. Bí ẹ bá pè é, kò ní dá yín lóhùn, bó ti wù kí ẹ dàgbà tó. Àfi tí ẹ bá tẹ èjìká ẹ̀.

Ẹ má pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ó ti dá àgbà lóhùn rí.