Ìdí Tí Ọmọńlé Kì Í Fi Ṣẹ́jú

Nígbà láéláé, inú igbó ni ọmọńlé ń gbé. Ara rẹ̀ dúdú, ó sì ní ìpéǹpéjú bíi tèmi tìrẹ. Ẹ̀fẹ̀ ló fẹ́ràn jù láyé. Á fi ewé bo ọ̀pọ̀lọ́ lójú, á ní ilẹ̀ ti ṣú.

Ní ọdún kan, ilẹ̀ gbóná ní ìlú Òkèrénà, àìsàn ń jà káàkiri. Ilẹ̀kùn gbogbo tì pa. Atẹ́gùn nìkan ló ń ná ọjà.

Èèwọ̀ ni láti kan ilẹ̀kùn aláìsàn tàbí láti pe orúkọ rẹ̀. Nítorí náà, Ìyá Akunlé, tó ń kun ògiri ìlú, máa ń yọjú lójú fèrèsé ilé kọ̀ọ̀kan, á sì fi ẹfun àti èédú ya ojú gbogbo ará ìlú sára odi. Ẹni tó wà láàyè, ojú rẹ̀ á là. Ẹni tó ti lọ, ojú rẹ̀ á padé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ń yí odi náà po.

Láràárọ̀, Ìyá Apọnmi á wo odi, á gbé omi sẹ́nu ọ̀nà àwọn tí ojú wọn là.

Ni ọmọńlé bá dé ìdí odi. Ó ya irùngbọ̀n fún olorì. Ó ya ìrù fún olórí ọdẹ. Ó wá kan àwòrán Àyọ̀ká, ọmọdébìnrin tó máa ń ju èérún ẹ̀kọ sí i. Ó fi èédú pa ojú rẹ̀ dé.

“Sùn díẹ̀, ọ̀rẹ́ mi,” ó ń rẹ́rìn-ín.

Alángbá mi orí. “Eré rẹ yìí á gbẹ̀mí èèyàn lọ́jọ́ kan.”

“Ẹ̀yin àgbà, ẹ ò mọ ẹ̀fẹ̀.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Apọnmi wo odi, ó nu ojú, ó gbé omi kọjá ilé Àyọ̀ká.

Ọmọńlé yọjú wọlé. Ètè Àyọ̀ká ti gbẹ. “Ṣé Ìyá ò ní gbé omi wá lónìí ni?”

“Ó ń bọ̀,” ni ọmọńlé wí. Ó sáré tẹ̀ lé Ìyá Apọnmi. “Ìyá, Àyọ̀ká ò kú o.”

“Àná lo ní odò ti gbẹ. Yà fún mi, jàre.”

Ó padà sídìí odi. Ó lá èédú náà, ó họ ọ́, kò ṣí. Ó bá gun odi, ó tẹ́ ara rẹ̀ lé ojú Àyọ̀ká, ó la ojú tirẹ̀ síbẹ̀. Oòrùn pa á. Eruku fẹ́ sí i lójú. Ó ń fi ahọ́n nu ún, kò ṣẹ́jú.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Apọnmi dúró. “Ojú ọmọ yìí mà ti là,” ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń lálàá. Kò pẹ́, ọmọńlé gbọ́ ìró igbá omi lẹ́nu ọ̀nà.

Síbẹ̀, kò sọ̀ kalẹ̀. Ó ń retí Ìyá Akunlé.

“Ta ló ń wò mí báyìí?” ni ìyá náà bi í nígbà tó yípo dé.

“Èmi ni, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi la ojú Àyọ̀ká.”

Ìyá là á. Ṣùgbọ́n ẹfun ti wọ ọmọńlé lára, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ́ ògiri, ìpéǹpéjú rẹ̀ sì ti gbẹ, ó ti rẹ̀ dànù bí ewé.

Láti ọjọ́ náà ni ọmọńlé ti funfun, tó ń lẹ̀ mọ́ ògiri, tí kì í ṣẹ́jú, tó sì ń fi ahọ́n nu ojú. Bí o bá rí i lára ògiri yàrá rẹ, má lé e. Ó kàn ń wò bóyá o ti rí omi mu ni.