Òkété Tó Ń Ṣí Ilẹ̀kùn Onílẹ̀kùn

Àlọ́ o!

Àlọ̀ ooo!

Ẹ ò dáhùn. Bí ẹ bá fẹ́ kí n pa á, ẹ jẹ́ kí ará ilé kejì gbọ́ ohùn yín. Àlọ́ o!

Àlọ̀ oooooo!

Ẹ ṣeun. Àyọ̀ká, kó ẹsẹ̀ rẹ jọ kí àbúrò rẹ ríbi jókòó. Àlọ́ tèmi gbéra ńlẹ̀, ó rìn títí, ó yà sí ọjà, ó bá Òkété níwájú ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn, ó sì bá Àgbébọ̀ adìẹ tó káwọ́ lérí.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ẹranko ń fọhùn bí èèyàn, ọjà kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Ayùnrẹ́. Ṣọ́ọ̀bù méjìlá ló wà níbẹ̀. Òkúta ni wọ́n fi mọ gbogbo wọn, ilẹ̀kùn wọn nípọn, àgádágodo ńlá sì wà lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òfin kan wà lọ́jà náà tó ju gbogbo òfin yòókù lọ: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọ́ ilẹ̀kùn. Olè ti fojú àwọn baba wọn rí màbo rí, ni àwọn àgbà bá fẹnu kò pé ẹni tó bá fọ́ ilẹ̀kùn tàbí àgádágodo, ì báà jẹ́ tara rẹ̀, olè ni wọn ó kà á sí, wọn ó sì lé e kúrò nílùú.

Bí kọ́kọ́rọ́ ẹni bá wá sọnù ńkọ́? Bí àgádágodo bá dógùn-ún ńkọ́? Òkété ni wọ́n ń pè.

Òkété ò ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Àpò awọ kan ló ń gbé kọ́ èjìká, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, ayùn kékeré àti ìdì kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ibi tí ilẹ̀kùn bá ti há ló ń lọ. Bó bá ń bọ̀ lókèèrè, orin rẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ bá mi gbè é, wọnjan-wọnjan lègbè rẹ̀:

Ilẹ̀kùn há, ẹ pè mí o,
Wọnjan-wọnjan.
Kọ́kọ́rọ́ nù, ẹ pè mí o,
Wọnjan-wọnjan.
Ohun ọwọ́ mi bà lèmi ó gbà,
Wọnjan-wọnjan.

Ṣé ẹ gbọ́ ìlà tó kẹ́yìn yẹn? Ẹ fi sọ́kàn. Òkété kì í gba owó ẹyọ. Àdéhùn tirẹ̀ ni pé ohun tí ọwọ́ òun bá kọ́kọ́ bà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tòun ni. Níbẹ̀rẹ̀, kò burú. Ọwọ́ rẹ̀ lè ba ìgbálẹ̀, ó lè ba igbá òfìfo. Nígbà tó yá, ọwọ́ yẹn kọ́ ìrìn. Á fo ìgbálẹ̀ kọjá, á fo igbá kọjá, ó di orí pẹpẹ níbi tí ọjà gidi wà. Onílé á wò ó, á gbé itọ́ mì. Ta ló fẹ́ bá ẹnìkan ṣoṣo tó mọ ilẹ̀kùn ṣí jà?

Ilẹ̀kùn sì wá ń há ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Lọ́sẹ̀ yìí, ti Ewúrẹ́ oníyọ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ti Ọ̀bọ aláṣọ. Wọ́n ní ọ̀gìnnìtìn ló ń ba irin jẹ́.

Àgbébọ̀ adìẹ ló ń ta àdín, òróró dúdú tí wọ́n ń yọ lára ekùrọ́. Òun nìkan ló ń tà á nílùú náà. Òkété sì ni oníbàárà rẹ̀ tí kì í yẹsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kó má wá rọ àdín sínú ahá kékeré kan. Àgbébọ̀ rò pé ara ló fi ń pa.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Àgbébọ̀ sàba lé ẹyin mọ́kànlá nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn gan-an. Ẹ má bi mí pé ṣé kò nílé ni. Ilé ló sàba sí lọ́dún tó ṣáájú, tí ejò wọlé tọ̀ ọ́, tó gbé gbogbo ẹyin náà mì, tí kò ṣẹ́ kan kù. Ọdún yẹn, Àgbébọ̀ ń rìn lọ́jà bí ẹni tí kò mọ̀nà. Ìdí nìyẹn tó fi kó ti ọdún yìí wá sáàárín òkúta àti àgádágodo. Kò tún sí ibi tó lè kó wọn sí mọ́.

Ọjọ́ tí ẹyin máa pa wá bọ́ sí ọ̀la ọjà ńlá ọdọọdún. Bẹ́ẹ̀, ní ọ̀la ọjà, gbogbo ọlọ́jà ló gbọ́dọ̀ jáde lọ yẹ ọ̀nà. Àgbébọ̀ lọ bẹ Erin, olórí ọjà, pé kó yọ̀ǹda òun. Erin kì í ṣe ìkà, àmọ́ òfin ni ojú rẹ̀ ń rí.

Ó ní, “Ìyá Àgbébọ̀, bí mo bá yọ̀ǹda yín, Ewúrẹ́ á ní inú ń run òun. Ẹ wá ro díẹ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ẹ ó ti padà.”

Òkété nìkan ni òfin yọ sílẹ̀, torí wọ́n ní aṣílẹ̀kùn ò gbọdọ̀ jìnnà sí ìlú. Ó jókòó sábẹ́ igi ayùnrẹ́, ó ń yọ eyín sí wọn. Ó ní kí Ìyá Àgbébọ̀ máa lọ ní tiwọn, òun á máa bá wọn ṣọ́ ojú ilẹ̀kùn. Àgbébọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi òwú bo ẹyin, ó ti ilẹ̀kùn, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn, ó gbé ọkọ́.

Oòrùn ò tíì kan àtàrí tó fi sáré padà. Òun ló ṣáájú gbogbo wọn. Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ àgádágodo, kọ́kọ́rọ́ ò wọlé. Ó yí i sọ́tùn-ún, kò wọlé. Ó nù ún mọ́ ìyẹ́, ó tún kì í, kò wọlé. Ibi tó ti ń wá ohùn tó máa fi pariwo ni Ewúrẹ́ ti dé lẹ́yìn rẹ̀, tó ní tòun náà há. Ọ̀bọ ní tòun há. Láti ṣọ́ọ̀bù kìn-ín-ní dé ìkejìlá, kò sí èyí tó ṣí.

Ẹnu ya wọ́n. Ilẹ̀kùn kan lè há, méjì lè há. Ta ló ti gbọ́ ọ rí pé ilẹ̀kùn méjìlá há lọ́sàn-án kan ṣoṣo? Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn kan, wọn ò sì mọ̀ pé ó bọ́.

Òkété na ara lábẹ́ igi, ó ya ẹnu bí ẹni tó jí lójú oorun. Ó káàánú wọn gidigidi. Ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, òun á mú wọn ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, láti orí ẹni àkọ́kọ́.

Ti Àgbébọ̀ ló ṣìkeje. Ó kúnlẹ̀ níwájú Òkété, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. “Tèmi ni kó o kọ́kọ́ ṣí. Ẹyin mi wà nínú ilé, òní gan-an ni wọ́n ń pa. Bí òtútù bá mú wọn báyìí, wọ́n ti kú nìyẹn.”

Òkété ò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ó ní, “Ìyá, ẹyin kì í sálọ.”

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ẹlẹ́nu jáde. Inú bí mi nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pa á fún mi, ó ṣì ń bí mi lónìí.

Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn Ewúrẹ́, ó kán àdín sí ihò kọ́kọ́rọ́, ó ki wáyà bọ̀ ọ́, ó dúró díẹ̀, àgádágodo ṣí. Ọwọ́ rẹ̀ fo gbogbo nǹkan kọjá, ó bà lé àpò iyọ̀ tó tóbi jù. Ó dé ọ̀dọ̀ Ọ̀bọ, ó kán àdín, ó ki wáyà, ó ṣí. Aṣọ òkè tuntun ló bá a jáde.

Àgbébọ̀ ò lè dúró lójú kan. Ó lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ní kóun yọjú wo ẹyin òun láti ihò kọ́kọ́rọ́. Àgógó ẹnu rẹ̀ kan irin, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fà á, kò wá. Ó fà á tagbára-tagbára kó tó já. Òórùn kan wá gbá a nímú.

Adìẹ gbàgbé ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n kò sí abìyẹ́ tí í gbàgbé òórùn yẹn. Àtè ni. Oje igi tí ẹ̀yin ọmọdé ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka láti fi mú ẹyẹ. Ó ti mú ọmọ Àgbébọ̀ kan rí lórí ọgbà, àdín ló sì fi rọra tú u lẹ́sẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tó ń tú àtè nílùú náà bí kò ṣe àdín.

Ó yíjú padà. Òkété wà níwájú ilẹ̀kùn kẹta. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ wo inú àgádágodo náà, ahá àdín ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dojú ahá kọlẹ̀. Kò sí nǹkan. Ó gbọ̀n ọ́n, kò kán. Ó wo ahá, ó wo ilẹ̀kùn mẹ́wàá tó kù, ojú rẹ̀ wá rìn lọ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Àgbébọ̀. Ibẹ̀ ni ojú náà ti yí padà.

Ó yọ́ wá bá a, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí àdín díẹ̀ nílé yín?”

Gbogbo àdín ìlú náà ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn keje. Kò sí ẹ̀kán kan níta. Àgbébọ̀ sì rí i lójú rẹ̀ pé ìṣẹ́jú yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. Ohun tó gbé Òkété dé ìkejìlá lójúmọ́ kan kò jẹ́ kó rántí ìkeje. Ọ̀kánjúwà, baba àrùn.

Àgbébọ̀ gbé ohùn sókè kí gbogbo ọjà lè gbọ́. “Òkété, ta ló sọ fún ọ pé àtè ni? O ò wo inú àgádágodo kankan. O kàn dé ibẹ̀, o kán àdín sí i. Ta ló sọ fún ọ?”

Òkété ní ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ wò kó tó mọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni Erin fi ọwọ́jà gbé àpò awọ, ó tú u dà sílẹ̀. Wáyà bọ́, ayùn bọ́, kọ́kọ́rọ́ dún wọnjan-wọnjan. Èyí tó bọ́ kẹ́yìn ò dún. Ìṣù àtè ni, ewé ni wọ́n fi wé e, wọ́n sì ti lò ó dé ìdajì.

Ewúrẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ohun tó ti ilẹ̀kùn tirẹ̀ jáde láti ọdún dé ọdún, àti bí òun ṣe dúpẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń pè sí àìsàn wọn ló ń fún wọn ní àìsàn. Ẹnikẹ́ni ò pariwo. Ìyẹn gan-an ló ba Òkété lẹ́rù.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni nǹkan ti dún lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó kéré, ó tín-ín-rín.

Pìyọ́.

Ọmọ ti jáde, ara rẹ̀ tutù, kò sì sí ìyá tó máa bò ó. Erin gbàgbé òfin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣọ́, ó gbé ẹsẹ̀ sókè láti fọ́ ilẹ̀kùn. Àgbébọ̀ bọ́ sí iwájú rẹ̀. Ó ní, “Bàbá Erin, ẹ sọ ẹsẹ̀ yín kalẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n wà. Orí wọn lẹ máa wó o lé.” Ó wá kọjú sí Òkété. “Òfin ní ká má fọ́ ilẹ̀kùn, kò ní ká má gbẹ́ ilẹ̀. O ní eyín, o ní èékánná. Gbẹ́ ẹ.”

Òkété gbẹ́ ilẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ ni, ó le, òkúta ìpìlẹ̀ sì jìn. Èékánná rẹ̀ kán, ó fi eyín gbẹ́. Ẹnì kan ò ràn án lọ́wọ́. Àgbébọ̀ fi etí lé ilẹ̀kùn, ó ń ka ohùn: méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Nígbà tó yá, ohùn kan tó ti ń gbọ́ tẹ́lẹ̀, kò gbọ́ ọ mọ́.

Òkété wọlẹ̀ tán pátápátá. Ohùn rẹ̀ ti abẹ́ ilẹ̀ wá, ó ní òun ti wọlé, ṣùgbọ́n òkùnkùn ò jẹ́ kóun ríran.

Àgbébọ̀ ní kó na ọwọ́, kó kó ohun tó bá bà wá.

Ọwọ́ kan yọ láti inú ihò, ó kún fún ẹ̀jẹ̀ àti erùpẹ̀. Ẹyin kan ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ inú rẹ̀ ti sọ ọ́ lu, ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ hàn síta. Àgbébọ̀ gbà á, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ti tutù. Ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́, kò sí ohun tó mì nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn yòókù ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́wàá, gbogbo wọn ló ń gbọ̀n. Ó kó wọn sábẹ́ ìyẹ́ títí ohùn wọn fi rọlẹ̀. Àdín jáde kẹ́yìn, wọ́n sì fi ṣí ilẹ̀kùn mẹ́wàá tó kù.

Nígbà tí Òkété jáde, gbogbo ọjà ti ń wá ìyà tó tọ́ sí i. Àwọn kan ní kí wọ́n lé e, àwọn kan ní kí wọ́n so ó mọ́gi. Àgbébọ̀ ní kí wọ́n fún òun láyè. Ó rìn wá pẹ̀lú ọmọ mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ẹyin tútù náà lé Òkété lọ́wọ́.

Ó ní, “Ohun tí ọwọ́ rẹ bá kọ́kọ́ bà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tìrẹ ni. Àdéhùn rẹ nìyẹn. Gba ẹ̀tọ́ rẹ.”

Òkété wo ẹyin, ó wo ṣóńṣó ẹnu kékeré tó yọ síta. Kò lè sọ ọ́ sílẹ̀, kò sì lè máa wò ó. Ó gbé e wọ inú ihò tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́, kò sì jáde níṣojú oòrùn mọ́.

Títí di òní, ilé Òkété kò nílẹ̀kùn, ihò lásán ni. Òru ló sì ń rìn, kó má baà pàdé Àgbébọ̀ lọ́nà. Ní ti Àgbébọ̀, bó bá ti sàba, ẹni yòówù kó pè é, kò níí dìde ju kó sáré ṣa ọkà díẹ̀ kó padà. Erin náà ò tún pe abiyamọ síbi ọ̀nà yíyẹ mọ́ láyé.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó ń dá ìṣòro sílẹ̀ fún ọmọnìkejì kí wọ́n lè máa pe òun wá tú u, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi gba èrè ibẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń jà yín lólè, ẹ máa wo ọwọ́ rẹ̀ kó tó kan àgádágodo.

Mo ti ilẹ̀kùn àlọ́ mi síbẹ̀. Bí mo bá parọ́ nínú rẹ̀, kí ti yàrá mi má ṣí fún mi. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó.